Ẹ̀gúsí Oko, Ẹ̀rọ Ọjà

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pà ò bá ọmọ mi obìnrin lára mu. Ọmọ ọdún 6 ni. Bí ẹ̀pà bá ti kan ẹnu rẹ̀, ètè rẹ̀ á wú, ara á sì máa yún un. Dókítà ní kó má jẹ ẹ́ mọ́ rárá. Látìgbà náà, ọwọ́ obìnrin kan tó ń kó oúnjẹ tí kò ní kẹ́míkà bọ̀ láti oko ni mo ti ń rajà, ó sì wọ́n ju ti Bódìjà lọ dáadáa. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ètè tún wú. Ṣé obìnrin yìí ń rẹ́ mi jẹ ni?
Abiyamọ kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí ẹ tó bá obìnrin náà jà, níbo lẹ ti lọ ẹ̀gúsí yẹn?

Ìdí tí mo fi bèèrè ni pé àbíkẹ́yìn tèmi náà ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà. Nígbà tó wà ní kékeré, mo fọwọ́ ara mi bó ẹ̀gúsí, mo gbé e lọ sílé ẹ̀rọ. Ẹni tó wà níwájú mi ń lọ ẹ̀pà kúlíkúlí. Bó ti kúrò ni wọ́n da tèmi sí i. Ojú mi ló ṣe, n kò sì ro nǹkan kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, a gbé e sáré lọ sí ọsibítù. N kò lè gbàgbé bó ṣe di ọwọ́ mi mú.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ kẹ́míkà, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀pà. Ẹ̀pà tí wọ́n fi ìgbẹ́ adìẹ gbìn, tí oògùn kankan ò kàn, ẹ̀pà náà ni. Èròjà inú rẹ̀ gan-an ni ara ọmọ yín ń bá jà. Nítorí náà, ẹ máa lọ ẹ̀gúsí nílé, tàbí kí ẹ gún un. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀pà bù ú kún. Yájì ẹlẹ́ran súyà, ẹ̀pà wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ oníàkàrà àti onídùńdú, ẹ bèèrè òróró tí wọ́n fi dín in.

Owó yín ò ṣòfò ṣá. Ẹ̀wà ni n kò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Ẹ bi obìnrin náà bó ṣe ń tọ́jú tirẹ̀. Bó bá ní ata gbígbẹ lòun ń fi sí i, tàbí àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti iṣu tí ẹ óò bó èèpo rẹ̀ dànù, èmi ò ní sanwó lé e.

Ẹ̀gúsí tó kù nínú ike yín, ẹ má fún un mọ́. Ẹ padà mú ọmọ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo ohun tó jẹ lọ́jọ́ náà. Bí èémí rẹ̀ bá yí padà nígbàkigbà, ẹ má dúró fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.