Ẹ Bi Onílù Kí Ẹ Tó Bínú

Lẹ́tà oṣù yìí gbóná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀sùn kan náà ni gbogbo yín kó wá: ẹgbẹ́ pọ́ńkì (orin rọ́ọ̀kì tó ń sáré, tó ń pariwo) tí ẹ fẹ́ràn ti yí orin padà, wọn ò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Ẹ ti mọ̀ pé ìdí ìlù ni mo jókòó sí kí n tó di akọ̀wé, nítorí náà ẹ má retí pé mi ò ní gbè sẹ́yìn onílù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. The Clash, ẹgbẹ́ pọ́ńkì ará Lọ́ńdọ̀nù, ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ní àwo wọn àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 1977, nìkan ni pọ́ńkì tí wọ́n ṣe, pé owó ni wọ́n ń lé láti ìgbà náà lọ. Èmi gba ti London Calling, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún mi. Ṣùgbọ́n mo gbé Sandinista!, àwo tó tẹ̀ lé e, sí i, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Rẹ́gẹ̀ nìyí, kàlípísò nìyẹn, ráàpù rèé, ó tún kù, àwọn ọmọ kéékèèké ń kọrin. Àbí ẹ̀gbọ́n mi ló jàre ni? — Àbúrò tí wọ́n ń pariwo mọ́

ÌDÁHÙN: Kò jàre. Sọ fún un pé kó gbé àwo 1977 yẹn wá, kó gbọ́ ọ láì fo orin kankan. Orin ibẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ. Kí o tó jókòó dáadáa, wọ́n ti parí. Lójijì ni "Police and Thieves" á wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko. Orin Junior Murvin, ará Jàmáíkà, ni, Lee "Scratch" Perry ló bá a ṣe é jáde ní 1976. Inú àwo tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń pè ní pọ́ńkì pọ́ńbélé gan-an ni rẹ́gẹ̀ ti jókòó. Paul Simonon tó ń ta gìtá béèsì fún wọn gbé ní Brixton ní kékeré, àárín orin àwọn ará Jàmáíkà ló ti gbọ́n. Ní Roxy ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ pọ́ńkì ń kóra jọ sí, rẹ́gẹ̀ ni Don Letts ń gbé sí i bí ẹgbẹ́ kan bá sọ̀kalẹ̀ tí òmíràn ò tíì gun orí ìtàgé, nítorí àwo pọ́ńkì tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn kò tíì tó nǹkan. Kí 1977 tó parí, Perry fúnra rẹ̀ ti bá The Clash wọ sítúdíò, wọ́n sì jọ ṣe "Complete Control", orin tí wọ́n fi bu ẹnu àtẹ́ lu iléeṣẹ́ CBS tó gbé orin wọn kan jáde láì bi wọ́n.

Kí ló wá yí padà? Onílù ni. Terry Chimes ló lùlù sí àwo àkọ́kọ́ (wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn àwo, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní "Tory Crimes"). Ìlù rẹ̀ le, ó lọ tààrà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, ohun tí àwo yẹn sì fẹ́ nìyẹn. Ó kúrò, Topper Headon sì wọlé lọ́dún kan náà. Topper lè lu jáàsì, ó lè lu sóòlù, ó lè lu fọ́ńkì, ó sì mọ bí a ṣe ń fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú rẹ́gẹ̀. Joe Strummer àti Mick Jones tí wọ́n ń kọ orin ti ní ìfẹ́ àwọn orin wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí yóò gbé e ró fún wọn nísàlẹ̀ ni wọn ò ní. Gbọ́ "Train in Vain", èyí tó kẹ́yìn London Calling. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fi kún àwo náà débi pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Má tẹ́tí sí ẹni tó ń kọrin. Ìlù nìkan ni kó o máa bá lọ. Bí onílù tó mọ eré sísá nìkan bá jókòó síbẹ̀, orin náà á kú kó tó dé ẹsẹ̀ kejì.

Ní ti owó, London Calling jẹ́ àwo méjì nínú páálí kan, iye àwo kan ni wọ́n sì tà á nígbà tó jáde ní oṣù Kejìlá 1979. Sandinista! jẹ́ mẹ́ta, orin 36. Wọn ò jẹ́ kí owó rẹ̀ ju £5.99 lọ, kí iléeṣẹ́ sì lè gbà, wọ́n yọ̀ǹda owó tó yẹ kó kàn wọ́n lórí ẹ̀dà 200,000 àkọ́kọ́ ní Britain. Bí ó bá jẹ́ pé owó ni wọ́n ń lé, wọn ò mọ̀ ọ́n lé.

Ó dáa, èmi náà kì í gbọ́ Sandinista! tán. Ẹ̀gbẹ́ kẹfà yẹn, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ orin ìṣáájú tí wọ́n tún pò pọ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní àsìkò. Bí wọ́n bá ní kí n gé e kù, àwo kan ààbọ̀ ni mo máa mú. Ṣùgbọ́n "The Magnificent Seven" á wà nínú rẹ̀. Ní New York ni wọ́n ti ṣe é ní 1980, lásìkò tí ráàpù ti ń gba ojú pópó ìlú náà kan, etí Mick Jones sì ti kún fún un. Ní 1981, wọ́n padà lọ ṣeré ní Bond's ní Times Square, wọ́n sì pe Grandmaster Flash and the Furious Five, ẹgbẹ́ oníráàpù, wá ṣíde eré fún wọn. Kí ni àwọn olólùfẹ́ The Clash ṣe? Wọ́n hó lé wọn lórí, wọ́n ń ju ife lù wọ́n. Àwọn tó sọ pé orin ọ̀tẹ̀ làwọn wá gbọ́ ló ń lé orin tó tuntun jù lọ ní ìlú náà kúrò lórí ìtàgé, ẹgbẹ́ tí wọ́n sanwó wá wò ló sì fi ọwọ́ ara wọn gbé orin náà wá fún wọn. Mi ò sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ì bá ju ife o. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó tì í.

Topper yìí kan náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìlù, dùùrù àti béèsì inú "Rock the Casbah". Orin náà dé ipò kẹjọ ní Amẹ́ríkà, kò sí orin wọn mìíràn tó ga tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa gbayì, wọ́n ti lé Topper nítorí oògùn olóró. Wo fídíò rẹ̀: Terry Chimes lo máa rí nídìí ìlù, ẹni àkọ́kọ́ ọjọ́sí, tó ń lu orin tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù láti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ ló kù. Ohun tó ń béèrè yẹn, The Clash ṣe é! Wọ́n lé Mick Jones náà ní 1983, Strummer àti Simonon kó ọ̀dọ́ tuntun wọlé, wọ́n kéde pé àwọn ń padà sí pọ́ńkì, gìtá rẹpẹtẹ, ariwo rẹpẹtẹ. Cut the Crap ló ti ibẹ̀ jáde ní 1985. Ẹ̀rọ ló ń lùlù lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin inú rẹ̀. Onílù gidi wà nínú ẹgbẹ́, Pete Howard lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kó àwọn àwo The Clash jọ sínú àpótí Sound System ní 2013, márùn-ún ni wọ́n kó sí i. Wọn ò fi ti 1985 kún un. Sandinista! tí ò ń bẹ̀rù wà níbẹ̀, odindi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, mo ti ń gbọ́ Green Day láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ Lookout!, iléeṣẹ́ orin kékeré kan, kí ayé tó gbọ́ orúkọ wọn. Iléeṣẹ́ ńlá ló ba orin wọn jẹ́ ní 1994, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú láti yí mi lérò padà. Ìbéèrè mi ni pé, kí ló dé tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń pe Dookie, àwo ọdún náà, ní "Green Day àtijọ́"? — Ọmọ Kerplunk

ÌDÁHÙN: Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé American Idiot, ti 2004, ni ọ̀pọ̀ wọn bá wọlé, níbi tí "Jesus of Suburbia" nìkan ti ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ. Ẹni tó bá ti ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, kò sí bí Dookie ò ṣe ní dà bí àtijọ́ létí rẹ̀. Ìyẹn ti tán.

Èyí tí ẹ ní kí n má gbìyànjú wá ni mo fẹ́ gbìyànjú. Orin kan wà tó lè dá ẹjọ́ yìí fún wa. "Welcome to Paradise" wà nínú Kerplunk, àwo tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ Lookout!, wọ́n sì tún un ṣe fún Dookie. Ẹ gbé méjèèjì tẹ̀ léra wọn. Bí Billie Joe Armstrong ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ náà ló kọ ọ́, ibi tí wọ́n ti ya kúrò lójú ọ̀nà láàárín orin kò yí padà, Tré Cool ló sì wà nídìí ìlù lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé gìtá ti ki sí i, ìlù sì ti sún mọ́ etí, torí Rob Cavallo ti Reprise, iléeṣẹ́ ńlá náà, fún wọn ní sítúdíò gidi àti àsìkò láti lò ó. Bí ìyẹn bá jẹ́ bíbàjẹ́, a jẹ́ pé makirofóònù ló ba wọ́n jẹ́.

Ìbínú yín ní ìdí, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ní 924 Gilman Street ní Berkeley, níbi tí ẹgbẹ́ yìí ti dàgbà, àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ láì gbowó ti ṣòfin pé ẹgbẹ́ tó bá wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ńlá kò gbọdọ̀ ṣeré níbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ṣe tì mọ́ Green Day nìyẹn. Orin "86" nínú Insomniac, 1995, ń ráhùn nípa rẹ̀. Wọ́n padà ṣeré níbẹ̀ ní 2015, láti kówó jọ fún àwọn oníwèé tí iná ba dúkìá wọn jẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn ni ẹ̀ ń bínú lé lórí, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i: ibi tí ẹ jọ kọ́, wọ́n kúrò níbẹ̀. Ẹ kàn má sọ pé ìyípadà orin ni.

Bí ẹ bá ń wá orin tí wọ́n ti yà kúrò lójú ọ̀nà ní tòótọ́, "Good Riddance" ni, 1997. Gìtá onígi, fayolíìnì díẹ̀, kò sí ìlù rárá. Àwọn tó sọ pé iléeṣẹ́ ló kọ́ wọn ní jẹ̀lẹ́ńkẹ́ kò mọ̀ pé orin yẹn ti wà nílẹ̀ kí Dookie tó jáde, wọ́n kàn gbé e sápá kan torí pé kò bá ìyókù mu ni. Orin náà dùn. Èmi ò kàn lè fi tọkàntọkàn yin orin tí wọ́n ní kí onílù lọ dúró síta.

ÌBÉÈRÈ: Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ kan tiẹ̀ wà rí tó yí padà, tí àwọn olólùfẹ́ kọ̀, tí ẹgbẹ́ náà sì gbọ́ràn?

ÌDÁHÙN: Bad Religion, ní Los Angeles. Àwo wọn kejì, Into the Unknown, 1983, kún fún dùùrù oníná, ó rọra ń lọ, ó ń ronú. Àwọn èèyàn ò fẹ́ ẹ. Ní 1985 wọ́n gbé àwo kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Back to the Known, orúkọ yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀. Suffer dé ní 1988, orin 15 tí àpapọ̀ rẹ̀ kò pé ìdajì wákàtí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló sì ti ń da irú rẹ̀ kọ láti ìgbà náà. Èrò tèmi ni pé gbígbè orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú Suffer, àwọn tó ti fi ọdún 1983 wá adùn kiri ló lè ṣe é. Ẹ sì wò ó: Pete Finestone tó ń lùlù fún wọn kò sí nínú Into the Unknown. Ó wà nínú èyí tó ṣáájú, ó sì wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Mi ò fi kún un.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ra My War ti Black Flag. Ẹ̀gbẹ́ kìíní dáa gan-an. Mo wá yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, orin ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́ ni, àbí àwo?

ÌDÁHÙN: Má gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Orin mẹ́ta péré ló wà ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, ìkọ̀ọ̀kan sì ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Láàárín Damaged tó jáde ní 1981 àti èyí ní 1984, ẹjọ́ tí wọ́n ń bá iléeṣẹ́ kan rò ò jẹ́ kí wọ́n lè gbé orin jáde bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì ti yí padà ní ìdákẹ́jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Kò tiẹ̀ sí oníbéèsì nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Greg Ginn ta gìtá tán, ó tún ta béèsì, ó pe ara rẹ̀ ní "Dale Nixon".

Àwọn tó fẹ́ràn eré sísá bínú nígbà náà. Ní ìpínlẹ̀ Washington, ẹgbẹ́ Melvins gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì yẹn, wọ́n sì rọ̀ ọ́ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ Seattle tó tẹ̀ lé wọn mú nínú rẹ̀. Bill Stevenson ló lù ú, mo sì lè sọ fún ọ láti ìdí ìlù pé sísáré rọrùn ju èyí lọ. Bí o bá ń sáré, àṣìṣe á bá eré lọ. Bí o bá rọra ń lù, gbogbo èèyàn á gbọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ ti pẹ́ dé. Bẹ̀rẹ̀ láti "Three Nights", kó o gbọ́ ọ tán kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí kò bá wọ̀ ọ́ lára, padà sí ẹ̀gbẹ́ kìíní, àwo rẹ ni.