Zanzibar fún òǹkọ̀wé tí àpò rẹ̀ kò wúwo

Ọ̀nà méjì ni ìbéèrè yín pín sí, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo ní fún méjèèjì. Ẹ ní owó ọwọ́ yín kò pọ̀, ẹ fẹ́ lọ sí Zanzibar, ní àwọn erékùṣù Tàǹsáníà, ẹ sì fẹ́ kọ ìtàn adẹ́rùbani tí yóò wáyé ní erékùṣù. Ẹ wá ń ṣe iyèméjì bóyá kí ẹ dúró títí owó yóò fi ká ilé ìtura etí òkun, tàbí kí ẹ fi ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ lọ, ẹ sì tún béèrè ibi tí ẹ̀rù wà níbẹ̀ tí ẹ lè lọ wò, àti bóyá kí ẹ dé Pemba, erékùṣù kejì tó wà nítòsí. Ìtàn adẹ́rùbani ni èmi náà ń kọ, mo sì ti fi owó tí kò tó nǹkan gbé ní erékùṣù náà. Ẹ má dúró de owó ńlá. Ilé ìtura olówó gọbọi gan-an ni ibi tí òǹkọ̀wé irú wa kò ti lè rí nǹkan kan kọ, nítorí pé wọ́n ti fi ògiri, ọlọ́dẹ àti iná mọ̀nàmọ́ná yí àlejò ká débi pé kò sí ohun tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀rù, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó kíákíá. Ohun tó ń gba owó jù ni ọkọ̀ òfurufú láti Èkó. Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ lé, kí ẹ tó sanwó ohunkóhun mìíràn, nítorí pé ìdáhùn kì í fi bẹ́ẹ̀ tètè dé fún ẹni tó bá mú pásípọ́ọ̀tù tiwa dání. Yẹ́lò káàdì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ìjọba Zanzibar ti sọ ọ́ di dandan kí àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ra ìwé adójútòfò tiwọn ní dọ́là 44, kódà bí ó bá ti ní irú rẹ̀ láti ilé. Àpò ọ̀rá tí a máa ń fi di ohun gbogbo nílé jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Tàǹsáníà ti fòfin dè é láti ọdún 2019, nítorí náà aṣọ ni kí ẹ fi di ẹrù yín. Bí ẹ bá gba Dar es Salaam, ìlú èbúté Tàǹsáníà, wọlé, ọkọ̀ ojú omi tó ń yára yóò gbé yín dé Stone Town, àárín ìlú Zanzibar tó ti pẹ́, ní nǹkan bíi wákàtí méjì, owó rẹ̀ fún àlejò sì máa ń tó dọ́là 35. Ní èbúté, àwọn ọmọkùnrin kan tí ibẹ̀ ń pè ní papasi yóò fẹ́ gba ẹrù lọ́wọ́ yín, wọn yóò sì búra pé ilé àlejò tí ẹ ń lọ ti kún tàbí pé wọ́n ti tì í pa. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Láti ìgboro, daladala, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, tó ní nọ́ńbà 309 ń lọ sí Jambiani, èyí tó ní 116 ń lọ sí Nungwi, abúlé etí òkun ni méjèèjì. Ẹgbẹ̀rún ṣílè díẹ̀ ni owó rẹ̀, nígbà tí takisí lè gba ọgbọ̀n dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀nà kan náà. Ẹni tó ti wọ dánfó rí kò ní bẹ̀rù rẹ̀, àfi pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì ni bẹ́ǹṣì rẹ̀ wà, tí a fi ń kojú ara wa, tí omi ẹja ẹnì kan sì ń kán sí bàtà ẹlòmíràn. Bí ẹ bá béèrè àkókò tí ọkọ̀ yóò gbéra, ẹ rí i dájú pé ẹ mọ irú aago tí wọ́n ń sọ, nítorí pé láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni Swahili ti ń ka wákàtí, aago méje òwúrọ̀ tiwa sì ni aago kan tiwọn. Ní ti oúnjẹ, chapati àti ẹ̀wà lọ́dọ̀ olóúnjẹ kò lè wọ́n yín, urojo, ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi máńgòrò tàbí àjàgbọn mú kan sì ń yó ènìyàn. Ọjà alẹ́ tó wà ní Forodhani dára láti wò, ṣùgbọ́n owó àlejò ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Ẹ wá béèrè ibi tí ẹ̀rù wà. Kò sí ní ibi kankan tí a ń sanwó wọlé sí. Popobawa ni orúkọ èyí tí gbogbo ìlú mọ̀, ẹ̀dá òru tí wọ́n ní ó máa ń dà bí àdán ńlá, tó ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ lórí ibùsùn, tó sì ń fi ipá bá a lò, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Ní ọdún 1995, ní àkókò ààwẹ̀ Ramadan, ìpayà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Pemba, ó sì kọjá omi dé Unguja, erékùṣù ńlá tí Stone Town wà, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn fi yàrá wọn sílẹ̀ lóru, tí wọ́n ń sùn síta pọ̀ yí iná ká. Nínú ìpayà yẹn ni àwọn èrò ti lu ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ kò pé pa ní ìgboro, wọ́n ní òun ni Popobawa. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dìbò ẹlẹ́gbẹ́ púpọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdìtẹ̀ ọdún 1964. Martin Walsh, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá tó ti ṣe iṣẹ́ ní Pemba, ti kọ̀wé lórí bí àwọn ènìyàn ṣe so ìpayà náà pọ̀ mọ́ òṣèlú.

Òǹkọ̀wé tó bá ń kánjú yóò gba àdán náà mú, yóò sì fún un ní ìyẹ́, ojú àti èékánná. Èmi kò rí ohun tí a lè fi í ṣe. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni òfin kan tí wọ́n ní ẹ̀dá náà ń fi lélẹ̀: ẹni tí ó bá ṣe ní ibi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò padà wá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ohun tí ojú ń ti ènìyàn láti sọ, òun gan-an ni ó di dandan láti kéde, bí ó sì ti ń sọ ọ́ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń gbé ẹ̀rù dé ojúlé tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Bí ẹ bá lè kọ ìtàn tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe aládùúgbò òun ní ibi bí òun bá la ẹnu, tí kò sì lè dákẹ́, ẹ kò nílò àdán kankan mọ́.

Ní ilé tí mo wọ̀ sí ní Ng'ambo, apá ìlú tí àwọn arìnrìn-àjò kì í sùn sí, ìyá àgbà kan wà tí kò dá mi lóhùn dáadáa títí mo fi kọ́ bí a ti ń kí àgbà níbẹ̀. Ọmọdé á ní “shikamoo”, àgbà á dáhùn pé “marahaba”, ẹni tí kò bá sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kò ní ẹ̀kọ́ ilé, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ tiwa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lórí atẹ, ó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọdún 1995, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kò sọ bí ẹ̀dá náà ti rí rárá. Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹní ni ó sọ: àwọn ọmọdé wà láàárín, àwọn obìnrin yí wọn ká, àwọn ọkùnrin sì wà létí, wọ́n sì máa ń bá ara wọn jà lálaalẹ́ nítorí ẹni tí yóò kọ ẹ̀yìn sí òkùnkùn. Ó ní àbúrò ọkọ òun, géńdé ọkùnrin tó ń gbé ẹrù ní èbúté, máa ń rọra rá wọ àárín àwọn ọmọdé nígbà tí iná bá ti kú, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó bá a wí ní òwúrọ̀. Ó tún ọwọ́ bọ inú ìrẹsì rẹ̀. Títí di òní, mi ò tíì kọ ojú ewé kan tó tó ohun tí ìyá yẹn sọ. Kò sí ọ̀nà tí ǹ bá fi gbọ́ ọ bí ó bá jẹ́ pé etí òkun Nungwi ni mo ti ń sanwó yàrá.

Ẹ óò lọ sí ibi tí ọjà ẹrú wà tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ lọ. Ọdún 1873 ni Sultan Barghash, ọba Zanzibar, ti ọjà náà pa nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúngun mọ́ ọn, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà sórí ilẹ̀ ibẹ̀. Ère ènìyàn márùn-ún wà nínú kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gidi lọ́rùn wọn. Wọn yóò tún mú yín sọ̀kalẹ̀ sí àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àjà wọn kò ga, ibi tí wọ́n ní wọ́n ń kó ẹrú sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òpìtàn kan ń jiyàn nípa ohun tí wọ́n kọ́ wọn fún. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má gbé iwin síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wuni, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́: òkùnkùn, ẹ̀wọ̀n, igbe. Ṣùgbọ́n ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó ń ka owó ni ó ṣe ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀, ẹni tó bá sì fi iwin rọ́pò rẹ̀ ti gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn oníṣòwò. Àwa tí a ti wọ àwọn ilé ẹrú ní Badagry kò tún yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ èyí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nípa rẹ̀, ẹ kọ nípa ìwé ìṣirò owó ẹni tó ń tà wọ́n.

Òkùnkùn lásán kò lè ran ìtàn yín lọ́wọ́. Láti ilẹ̀ Tàǹsáníà lókè òkun ni iná ti ń gba abẹ́ òkun dé Unguja, nígbà tí ó sì bàjẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, nǹkan bíi oṣù mẹ́ta gbáko ni gbogbo erékùṣù fi wà láìní iná. Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé lè fi ìyẹn ṣe nǹkan. Òǹkàwé tiwa yóò kàn béèrè iye tí wọ́n ń ta epo jẹnẹrétọ̀ ni. Ohun tí yóò bà á lẹ́rù ni èyí tí kò mọ̀, òkun tó ń lọ tó sì ń bọ̀. Ní Jambiani, omi máa ń fà sẹ́yìn débi pé ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn jìnnà sórí yanrìn, láàárín igi kéékèèké tí àwọn obìnrin so okùn mọ́, tí wọ́n ń gbin ewéko òkun sára rẹ̀ láti tà. Bí omi bá ń padà bọ̀, kì í ti iwájú wá bí ìgbì. Àwọn ibi tó lọ sílẹ̀ láàárín yín àti etí òkun ni ó máa ń kọ́kọ́ kún, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ ní ọrùn ẹsẹ̀, ẹ óò sì wẹ̀yìn kí ẹ rí i pé ibi tí ẹ gbà wá ti di omi. Àwọn obìnrin náà mọ àkókò rẹ̀, wọn a ti palẹ̀ mọ́ kí ẹ tó fura. Nígbà tí ẹ bá rí i pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ kù láàárín àwọn igi yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà, kí ẹ sì fi ọkàn sí bí àyà yín ti ń lù. Bàtà ni kí ẹ wọ̀ lọ, nítorí ẹlẹ́gùn-ún òkun.

Láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni òjò ńlá wọn. Owó yàrá máa ń wálẹ̀ nígbà náà, etí òkun a sì dá páropáro, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé àlejò máa ń ti ilẹ̀kùn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ béèrè. Bí ó bá bọ́ sí àkókò ààwẹ̀, ẹ má jẹun ní gbangba lójú ọ̀sán.

Ní ti Pemba tí ẹ dárúkọ ní ìparí ìbéèrè yín, èmi kò ní gbà yín níyànjú láti lọ síbẹ̀ ní àkọ́kọ́ lọ yín. Ó rẹwà, kànáfùrù tí wọ́n ń sá sórí ẹní lẹ́bàá ọ̀nà a sì máa ta sánsán, àmọ́ ilé àlejò olówó pọ́ọ́kú kò pọ̀ níbẹ̀, àlejò kò sì tó nǹkan débi pé gbogbo ojú yóò wà lára yín. Ibẹ̀ ni Popobawa ti wá, kò sì sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó dé lánàá. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Swahili díẹ̀ ní Unguja, kí ẹ wá ẹni tí yóò fi yín mọ ará rẹ̀ ní Chake Chake, ìlú kan ní Pemba, kí ẹ tó wọ ọkọ̀.