Màlúù Tí Kò Nírù: Ta Ní Ń Lé Eṣinṣin, Ta Ní Ń Jẹko?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, n kò tíì rí iṣẹ́ gidi. Bí mo bá ń sunkún, màmá mi á ní: "Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Fọkàn balẹ̀, kí o dúró de Olúwa." Ṣé ohun tí òwe yìí ń wí ni pé kí n káwọ́ gbera, kí n máa wòran?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Kú ìrọ́jú.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo màlúù náà dáadáa. Ìrù ni ohun ìjà rẹ̀ sí eṣinṣin. Ìwo rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn, pátákò kò dé ẹ̀yìn, ìrù ló ń bá a débẹ̀. Ẹni tí kò sin ẹran rí lè rò pé kí ni eṣinṣin já mọ́. Eṣinṣin a máa yé sójú egbò, kò sì ní í pẹ́ tí ìdin á fi bo ibẹ̀. Màlúù tí kò nírù kò lè hu òmíràn, kò sì sí ẹni tó lè yá a ní tirẹ̀. Ibi tí agbára rẹ̀ parí sí gan-an ni òwe yìí ti dárúkọ Olúwa.

Ṣùgbọ́n tún òwe náà gbọ́. Ó ní Olúwa ń bá a lé eṣinṣin. Kò ní Olúwa ń bá a jẹko. Koríko, màlúù fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹnu já a, òun ló ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn dé odò.

Ìgbà tí mo bá rí agbo màlúù lójú ọ̀nà, lékeléke ni mo máa ń wò, ẹyẹ funfun tí àwọn ọmọdé máa ń na èékánná sí. Ó ń tẹ̀ lé màlúù, ó ń ṣa eégbọn àti eṣinṣin jẹ lára rẹ̀. Kí ló dé tó fi ń tẹ̀ lé e? Bí màlúù bá ń jẹko lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lé tata àti kòkòrò jáde nínú koríko, ibẹ̀ ni lékeléke ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Òye tèmi lèyí o, n kò sọ pé ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà nìyẹn. Àmọ́ mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn: ẹni tó ń rìn ni olùrànlọ́wọ́ ń bá pàdé.

Wo ọ̀rọ̀ màmá rẹ kejì. Ọkàn ló ní kó balẹ̀, kò ní kí o fìdí kalẹ̀. Bí ẹyẹ tó ti ń rà bàbà lókè ṣe ń bà sílẹ̀ ni kí ọkàn rẹ ṣe. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì lè máa ṣiṣẹ́. "Dúró de Olúwa" náà, ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lórí ìdúró ni. Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, tó sì jáde lódindi ní 1884, lò ó ní Orin Dáfídì 40: "Ní dídúró èmi dúró de Olúwa." Ronú ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì. Ẹrù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà. Kò lè fa ọkọ̀ wá, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dé, kò ní í bá a lójú oorun.

Kì í ṣe Kristẹni nìkan ló ń dúró de Olúwa. Sùúrù, àdúrà, àlàáfíà, láti inú èdè Lárúbáwá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọ inú Yorùbá, àwọn Kristẹni sì ń lò wọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń lò wọ́n. Inú mi máa ń dùn sí èyí, torí ilé kan náà ni ọ̀pọ̀ wa ti jọ ń retí Ọlọ́run.

Àgbẹ̀ tó kọ ebè tó gbin iṣu mọ̀ pé oṣù méje sí mẹ́sàn-án ni. Ó ń ro ó, ó ń fi igi sí i kí ìtàkùn lè rí nǹkan gùn. Kò jẹ́ wú u wò pé ṣé ó ti ta. Òjò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ́ ló wà níbẹ̀. Ìwé ìwáṣẹ́ tí o kọ, iṣẹ́ ọwọ́ tí o lè kọ́ báyìí, ẹni tí o lè lọ kí, koríko rẹ nìyẹn. Ọjọ́ tí ọ̀gá iléeṣẹ́ kan máa pè ọ́, eṣinṣin ni. Má fi í pa ara rẹ lóru.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún àwa tí a ń pa òwe yìí fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ní gààrí nílé, tó wá fi màlúù aláìnírù dá ẹni tí ebi ń pa lóhùn, ó ti ṣi òwe pa. Ọwọ́ rẹ̀ ni Olúwa ìbá fi lé eṣinṣin náà.

Ti màmá rẹ yàtọ̀. Lẹ́nu ìyá, òwe yìí ti di àdúrà; ohun tó ń wí lábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Olúwa á bá ọ lé e o, ọmọ mi." Bó bá tún pa á lọ́la, ṣe àmín, kí o tó gbé ìwé rẹ jáde.