Ẹ Bi Màmá: «Wọ́n ní káàdì Tower ló jáde fún mi»

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Mọ́kọ́lá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti jọ kó owó jọ láti gba ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà, owó ọdún méjì ni onílé ń béèrè. Oníbàárà mi kan ló wá fi mí mọ obìnrin kan tó ń wo káàdì Tarot fún èèyàn lórí fóònù. Èyí tí wọ́n ń pè ní Tower ló fà fún mi: ilé gíga kan tí àrá sán lù, àwọn èèyàn ń já bọ́ látinú rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ ìbí mi, mo ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin. Ló bá figbe ta. Ó ní Aries ni àmì ìràwọ̀ ọjọ́ ìbí mi, ìràwọ̀ Mars ló ń darí mi, Mars yìí kan náà ló ni káàdì ọ̀hún, pé ìparun méjì ló pàdé lórí mi. Ó ní kí n san ₦80,000 kí òun fi gbé e kúrò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn ò ní gbè mí. Ìyá mi tiẹ̀ ní Ṣàngó ló ń bínú. Oorun ò kùn mí mọ́. Ṣé kí n sanwó ni, àbí kí n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀?
Télọ̀ tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, Ìbàdàn

Ọmọ mi, má san kọ́bọ̀. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ara lè tù ọ́ díẹ̀ kí o tó ka ìyókù.

Mo ní odindi káàdì yìí nílé, 78 ni wọ́n. Ọwọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀ ni mo ti rà á nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ìwé. Mo ti yọ tìrẹ jáde, ó wà níwájú mi lórí tábìlì. Nọ́ńbà 16 ló wà lórí rẹ̀. Ojú ọ̀run dúdú kirikiri. Ilé-ìṣọ́ aláwọ̀ eérú kan dúró ṣóńṣó lórí àpáta, iná ń yọ lójú fèrèsé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àrá ti ṣí orí ilé náà dànù, adé wúrà sì ni orí ilé ọ̀hún. Èèyàn méjì ń dorí kodò bọ̀ wá sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn dé adé. Ẹ̀ta iná kéékèèké 22 wà lójú ọ̀run, 10 lápá kan, 12 lápá kejì. Àwọn atúmọ̀ káàdì máa ń sọ pé 12 yẹn dúró fún àmì ìràwọ̀ méjìlá tí àwọn awòràwọ̀ ń lò. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Pamela Colman Smith ló yà á fún òǹkọ̀wé kan, Arthur Edward Waite, London ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1909.

Ohun tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí ni pé nǹkan tí a gbé ga lórí ìpìlẹ̀ tí kò dáa yóò wó, àṣírí tí a bò mọ́lẹ̀ yóò tú lójijì, agbéraga yóò ti orí ẹṣin rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé káàdì ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n ti ní ẹni tó bá fà á ti gba ègún. Káàdì tó sì tẹ̀ lé e, 17, Ìràwọ̀ ni wọ́n ń pè é: obìnrin kan kúnlẹ̀ létí odò, ó ń da omi láti inú ìkòkò méjì, ojú ọ̀run ti là. Ṣé ó fi ìyẹn hàn ọ́?

Ọ̀rọ̀ Mars yìí ló bí mi nínú jù lọ. Káàdì ayò ni Tarot ní ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Ítálì lápá àríwá ni wọ́n ti ń ta á láàfin àwọn ọlọ́lá ní nǹkan bí 1440. Lẹ́yìn 1780 ni àwọn ará Faransé kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé lórí bí a ṣe lè fi í woṣẹ́. Mars tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà ọ́ yìí, ẹgbẹ́ awo kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1888, Golden Dawn, ló pín in fún Tower. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí: nínú 78 yẹn, àwọn tí wọ́n ń pè ní káàdì ńlá jẹ́ 22. Wọ́n fún 12 nínú wọn ní àmì ìràwọ̀ méjìlá. Wọ́n fún 7 ní àwọn ìràwọ̀ tí àwọn awòràwọ̀ àtijọ́ mọ̀, òòrùn àti òṣùpá wà lára wọn. Mẹ́ta tó kù, wọ́n fún wọn ní afẹ́fẹ́, omi àti iná. Mars, ìràwọ̀ pupa tí àwọn ará Róòmù fi orúkọ òrìṣà ogun wọn pè, bọ́ sọ́wọ́ Tower. Èèyàn ló jókòó pín in, ọmọ mi. Kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run.

Nínú ìpín yẹn kan náà, Emperor ni káàdì Aries, nọ́ńbà 4. Ọba onírùngbọ̀n funfun kan ló jókòó sórí ìtẹ́ òkúta tí wọ́n gbẹ́ orí àgbò sí, nítorí àgbò ni àmì Aries. Bí obìnrin yìí bá fẹ́ fi ọjọ́ ìbí rẹ wá káàdì rẹ lóòótọ́, ibẹ̀ ni ìbá lọ. Àwọn awòràwọ̀ gbà pé Mars ló ń darí Aries, kò purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Aries ni gbogbo ẹni tí wọ́n bí láti nǹkan bí 21 oṣù Kẹta sí 19 oṣù Kẹrin. Ṣé ìparun ti dúró de gbogbo wọn ni?

Ìyá rẹ ńkọ́? Bá mi kí wọn. Mo mọ ìdí tí ọkàn wọn fi lọ sọ́dọ̀ Ṣàngó. Ìtàn tí a jogún sọ pé ó ní oògùn tó fi ń pe àrá, pé ó gun òkè lọ dán an wò, àrá náà sì sán lu ààfin òun fúnra rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, ó pa nínú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ọba, ilé gíga, iná láti òkè: ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yẹn ní kékeré tó wá rí káàdì yìí, ó gbọ́dọ̀ rántí. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, àrá ní láti kọ́kọ́ sán. Bó bá sán lu ilé, àwọn oníṢàngó á wá yọ ẹdùn àrá, onílé á ṣètùtù kó tó padà wọlé. Gbogbo àdúgbò ló rí òrùlé tó ya. Ta ló rí àrá ní ṣọ́ọ̀bù tí o kò tíì gbà? Owó ètùtù ni obìnrin yìí ń gbà lórí àwòrán. Gbájú-ẹ̀ gbáà ni. Ẹni tó ń fi Tarot ṣiṣẹ́ á gba owó ìjókòó, á sọ ohun tó rí, ó parí síbẹ̀. Dí nọ́ńbà rẹ̀ pa lórí fóònù rẹ. Fi sùúrù sọ fún oníbàárà rẹ náà, ó lè jẹ́ pé òun ti sanwó tirẹ̀.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tó ká mi lára ju Mars lọ. O ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ jọ kó owó jọ, o ò sì sọ pé ẹ kọ ohunkóhun sílẹ̀. Èló ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan? Orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé onílé? Ta ló ni ẹ̀rọ ìránṣọ, ta ni yóò máa ra epo jẹnẹrétọ̀? Bí ọ̀kan bá fẹ́ kúrò lẹ́yìn ọdún kan, ṣé yóò gba owó padà? Ẹ jókòó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé méjì, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí. Ẹ má bá ajẹ́ńtì nìkan sọ̀rọ̀, ẹ rí onílé sójú. Kí ẹ sì lọ wo ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí ẹ gbójú sókè wo àjà rẹ̀ bóyá ó ń jò.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá kọ̀ tí kò fọwọ́ sí ìwé, tún kọ̀wé sí mi kí o tó kó owó fún onílé.