Ṣé kòkòrò ló wà nínú eyín mi?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Eyín kan nínú lọ́hùn-ún ni kò jẹ́ kí n sùn mọ́ lóru. Ihò wà lára rẹ̀. Ọkùnrin kan ti bá mi fi èéfín yọ kòkòrò mẹ́ta jáde, mo fojú ara mi rí wọn, síbẹ̀ ó ń dùn mí. Ẹ̀jẹ̀ tún ń jáde ní erìgì mi. Pákò ni mo fi ń fọ ẹnu láràárọ̀. N kì í fi ṣúgà ṣeré, àfi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tí mo máa ń mu díẹ̀díẹ̀ ní ìsọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.
Ìyá aláṣọ, Gbági, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá aláṣọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Akokoro kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì eyín, n ò rí kòkòrò nínú eyín ẹnikẹ́ni rí. Èyí tí ọkùnrin yẹn fi hàn yín, inú eyín yín kọ́ ló ti wá.

Ìgò yẹn gan-an ni mo fura sí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí wà lẹ́nu gbogbo wa, tèmi náà wà níbẹ̀. Bí ṣúgà bá ti kàn wọ́n, wọ́n á sọ ọ́ di nǹkan kíkan tó ń jẹ ara eyín. Itọ́ ló ń borí kíkan náà, ó sì máa ń gbà á tó ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀yin wá ń mu díẹ̀, ẹ ń bá oníbàárà nájà, ẹ tún ń mu díẹ̀. Nígbà wo ni itọ́ fẹ́ ráyè? Ẹni tó gbé odindi ìgò mu tán lẹ́ẹ̀kan náà sàn jù yín lọ.

Pákò ò lẹ́bi. Àìfọ ẹnu kẹ́ ẹ tó sùn ló lẹ́bi, torí itọ́ máa ń dínkù lóru. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń mú kí ara eyín le, ni kẹ́ ẹ lò.

Ti ẹ̀jẹ̀ erìgì, ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta sídìí eyín ló sábà máa ń fà á. Bọ́rọ́ọ̀ṣì ò lè ha á kúrò, àfi irinṣẹ́ dókítà. Tábà máa ń dá kún àrùn erìgì, oyún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ pẹ̀lú. Ẹ yẹ ṣúgà ara yín wò.

Ẹ má dá a láṣà láti da omi bátìrì sínú ihò yẹn o! Obìnrin kan ṣe é. Nígbà tó la ẹnu, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀ ti bó.

Ihò tí kò bá tíì jìn ṣeé dí. Èyí tó ń jí yín lóru ti ṣeé ṣe kó dé ẹran inú eyín, nítorí náà ẹ lọ rí dókítà eyín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Kẹ́ ẹ sì gbé omi lásán sí ìsọ̀.