Èsì: Kí ló dé tí wọ́n fi hó lé Cody Rhodes lórí ní AEW?

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kò yé yín bí èrò ìwòran ṣe hó lé Cody Rhodes, oníjàkadì ará Amẹ́ríkà, lórí ní AEW, tí wọ́n sì wá gbé e gẹ̀gẹ̀ nígbà tó padà sí WWE, ilé-iṣẹ́ eré ìjàkadì tó ń bá AEW díje. Lójú tèmi, ìtàn rẹ̀ ló ti tán ní AEW.

Ó kúrò ní WWE ní 2016, ó sì wà lára àwọn tó dá AEW sílẹ̀ ní 2019. Ní Double or Nothing, eré ńlá AEW ọdún yẹn, ó gbé òòlù ńlá, ó fọ́ ìtẹ́ kan túútúú. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé Triple H, ọ̀gá kan ní WWE tí òòlù àti ìtẹ́ jẹ́ àmì rẹ̀, ló ń bá wí, ariwo sì sọ! Àmọ́ kí ọdún tó parí, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Chris Jericho, tó di bẹ́líìtì àgbà AEW mú nígbà náà, bá na òun, òun ò ní du bẹ́líìtì náà mọ́. Jericho nà án. Látìgbà náà, ó ń ṣe ẹni rere inú ìtàn ìjàkadì wọn, tí kò ní ibi tó ń lọ, ó sì kọ̀ jálẹ̀ láti di ẹni ibi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú wọn.

Ní WrestleMania 38, eré WWE tó tóbi jù lọ́dún, lóṣù kẹrin 2022, orin kan náà tó ń lò ní AEW ló gbé wọlé bá oníjàkadì Seth Rollins. Bẹ́líìtì àgbà WWE tí Dusty bàbá rẹ̀, tóun náà jẹ́ oníjàkadì, ò rí gbà rí ló ní òun wá gbà. Ta ni ò ní ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn? Ó gbà á lọ́wọ́ Roman Reigns ní 2024.

Àwọn tó ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀ torí pé ó fi AEW sílẹ̀ ṣì wà, mi ò sì bá wọn jà. Àwọn ló ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí AEW ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.