Corolla 2005 sí Model 3 2024: bọ́tìnnì ni kẹ́ ẹ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá Model 3 ọdún 2024, mọ́tò oníná mànàmáná ti Tesla, á tètè mọ́ ẹni tó ń wa Corolla 2005 lára. Iná mànàmáná kọ́ ni wàhálà ẹ̀, bọ́tìnnì ni. Nínú Corolla, ọwọ́ nìkan ti mọ ibi tí éésì wà. Ti Model 3, ojú sìkírìnì lẹ máa wò. Wọ́n tún yọ ọ̀pá tiráfíkétọ̀ kúrò, wọ́n gbé bọ́tìnnì méjì sápá òsì sítíárìn. Tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn ní ráńdàbáòtù, bọ́tìnnì á bá a yí, ẹ ó sì máa fọwọ́ wá a kiri. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ má gbàgbé: tí bátìrì kékeré (kì í ṣe ńlá tó ń gbé mọ́tò rìn) bá kú, bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń ṣílẹ̀kùn ò ní ṣiṣẹ́. Lífà kan wà níwájú bọ́tìnnì wíńdò lára ilẹ̀kùn iwájú. Ẹ fà á sókè, ilẹ̀kùn á ṣí.